Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Lẹ́nu Lutgart

Ìwé náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì kan ló rí i nínú àpò ẹ̀wù Sijmen Ruiter ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ tó ti jóná mọ́ bàbá arúgbó náà lára, ó sì fà á lé Hiltje Roorda, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ìlú Enkhuizen, lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi pẹ́ńsù kọ síbẹ̀: "Sijmen, je hoeft zondag niet te komen." Sijmen, kò di dandan kí ẹ wá ní Sọ́ńdè. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀: L.

Hiltje kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rọra kì í bọ inú àpòòwé, ó sì kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì náà pé kò gbọdọ̀ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Sijmen ni olùṣọ́ ọgbà tí wọ́n ti ń tún àwọn ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ ṣe létí èbúté. Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìlú bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan ló máa ń jókòó ti àwọn ọkọ̀ náà pẹ̀lú fúláàsì kọfí rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú yìí ni wọ́n ní kó sinmi. Ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé jígí ojú rẹ̀ síbẹ̀, kò sì lè ka ìwé orin láìsí jígí, ló bá yà lọ mú un. Ibẹ̀ ló ti rí èéfín tó ń rú látinú De Jonge Trijntje, ọkọ̀ onígi tó ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́fà, tí gbogbo Enkhuizen fi ń yangàn. Arúgbó náà kò sá. Ó fo sínú ọkọ̀, ó ń fi garawa pọn omi sí iná títí àwọn panápaná fi dé. Ìgbà tí wọ́n gbé e jáde, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó, èéfín sì ti ba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́ débi pé dókítà ní ó máa tó ọjọ́ mélòó kan kó tó lè sọ̀rọ̀.

Àárín ọkọ̀ jóná, ìdí rẹ̀ kò jóná. Kẹrosíìnì ń rùn níbi gbogbo. Ẹnìkan ló dáná sí i.

Ẹnìkan ṣoṣo sì ni orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú L nínú ọgbà náà. Lutgart Baekelandt ni, gbẹ́nàgbẹ́nà ọkọ̀ tó wá láti Flanders, lódìkejì ẹnubodè ní Belgium, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe kọ L yẹn jọ bí òun ṣe máa ń kọ ọ́. Ó ní òun ń rìn lórí òkìtì etí omi láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun nìkan. Kò sí ẹni tó rí i. Kí ọjọ́ Àìkú tó parí, Ọ̀gá Vlasblom, tó jẹ́ olórí àgọ́ ọlọ́pàá, ti fi í sí àtìmọ́lé, ó sì ti sọ fún olórí ìlú pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.

"Kí ló kù?" Bí ó ṣe bi Hiltje nìyẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. "Ó lé olùṣọ́ lọ, ó dáná sí ọkọ̀."

"Kí ló fẹ́ fi iná yẹn ṣe, ọ̀gá?" ni Hiltje wí. "Oṣù mẹ́rin ló fi tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Ta ló ń dáná sun iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀?"

Ọ̀gá ní kó lọ wádìí ìyẹn náà, bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀.

Hiltje kọ́kọ́ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà. Ó sọ fún wọn pé ẹnìkan ránṣẹ́ sí Sijmen kó má bàa sí níbẹ̀, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Teunis Olij, káfíńtà kan tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ni ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ yá. Ó ní kò sí ẹni tí obìnrin ará Flanders yẹn kì í fojú di. Lọ́sẹ̀ tó dé, òun rí i tó ń gbé pákó tó wúwo, òun sì na ọwọ́ láti bá a gbé ìdí rẹ̀. Ohun tó wí fún òun ni: "Je moet mij niet helpen." O ò gbọdọ̀ ràn mí lọ́wọ́.

"Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ o," ni Teunis wí. "Ó bú mi tán, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí mi."

Ó ní ọjọ́ tí òun ṣe ọjọ́ ìbí, tí òun fẹ́ bù kéèkì fún un, ó tún ní òun ò gbọdọ̀ gé e tóbi. Láti ìgbà náà, òun kì í kí i mọ́.

Hiltje kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bi í léèrè ohun tó ń ṣe létí omi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nítorí pé obìnrin kan rí i tó gbé garawa tí wọ́n fi nǹkan bò lórí. Ojú Teunis pọ́n. Ó kọ́kọ́ ní ilé lòun wà. Lẹ́yìn náà ó ní òun kàn jáde gba atẹ́gùn ni. Hiltje tẹ̀lé e délé, ó sì bá ẹja mọ́kànlá tó gùn bí ejò lórí okùn nínú àhéré ibi tí ìyàwó Teunis ti ń fi èéfín yan nǹkan. Ọkùnrin náà ń dẹ pàkúté ẹja láìgba ìwé àṣẹ ni. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hiltje ní kó lọ gba ìwé àṣẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnì kejì tó lọ bá ni Tíṣà Evert Wagenaar, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ni ọkọ̀ náà. Ọdún méjìdínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Àwòrán bàbá bàbá rẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, nítorí bàbá àgbà yẹn ló kan Trijntje gẹ́gẹ́ bí gbogbo ìlú ṣe mọ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ ti tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀, wọ́n sì máa ń kà á fún àwọn ọmọ iléèwé.

Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kàwé síta. Ó ní inú òun bàjẹ́ nítorí obìnrin yẹn. Òun ti gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe títí ẹnu òun fi bó, nítorí èdè rẹ̀ kún fún àṣìṣe, ṣùgbọ́n ó kọ etí ikún.

"Ìgbéraga ni, mevrouw, ìyáàfin mi. Ẹni tí kò bá gba ìbáwí lórí ọ̀rọ̀ kékeré, kí la fẹ́ retí lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ní òtútù mú òun, òun wà lórí ibùsùn nígbà tí ìyàwó òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Hiltje dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó tó jókòó dojú kọ Lutgart ní àgọ́. Obìnrin bí ẹni ogójì ọdún ni, ọwọ́ rẹ̀ le koko, ọ̀dà ọkọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Kooiman, ọlọ́pàá tó ti ń dàgbà, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Orúnkún máa ń dun Kooiman, gbogbo àgọ́ ló mọ̀, kò sì ní gbà láéláé pé ó ń dun òun.

Hiltje da kọfí sínú ife méjì, ó sì nawọ́ sí ṣúgà.

"Je moet geen suiker doen," ni Lutgart wí. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣúgà sí i.

Ọwọ́ Hiltje dúró lókè. Lutgart sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni tó ń dúpẹ́, ó gba ife náà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Kooiman. "Je moet niet blijven staan," ló wí fún un. Ẹ ò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀ yẹn.

Kooiman wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wọṣọ ọlọ́pàá, ẹni àtìmọ́lé kan kò tíì pàṣẹ fún un rí. Ó ti la ẹnu láti fèsì kí Hiltje tó gbé ọwọ́ sókè. Kì í ṣe ojú Lutgart ni Hiltje ń wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń jáde lẹ́nu obìnrin náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ti àga tó ṣófo lọ sí ọ̀dọ̀ Kooiman.

Ẹni tó bá ń lé èèyàn kì í ti àga fún un. Hiltje ronú kan Teunis àti pákó rẹ̀, ó ronú kan ẹ̀rín tí kò bá èébú mu. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Mevrouw Baekelandt, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ sọ fún Kooiman báyìí?"

"Mo ní kó jókòó bó bá fẹ́. Kò pọn dandan kó máa dúró nítorí mi. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ẹ ò rí i ni?"

"Ohun tí àwa gbọ́ ni pé kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀."

Lutgart wò wọ́n, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Ó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí omi ti ń wọ ọkọ̀ rẹ̀.

"'Moet' nìkan, 'gbọdọ̀' ni fún gbogbo wa," ló wí. "Ìgbà tí 'niet' bá tẹ̀lé e ni ọ̀nà wa pínyà. Lọ́dọ̀ yín níbí, bí ẹ bá ní 'moet niet', ẹ ti ka nǹkan léèwọ̀ fún èèyàn nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, ó túmọ̀ sí pé kí ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà, kò di dandan. Ohun tí ẹ̀yin ń fi 'hoeft niet' sọ gan-an ni. 'Hoeft' yẹn, mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́nu mi."

Kooiman rọra fi ìdí sọ àga náà. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú.

Hiltje fún Lutgart ní bébà àti pẹ́ńsù. Ó ní kó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ kan tó fẹ́ wá síṣẹ́ lọ́la, pé iṣẹ́ ti parí, kó máa sinmi nílé. Lutgart kọ ọ́ láìronú: "Je moet morgen niet komen."

"Ṣé ẹ ò lè kọ 'hoeft' láéláé?" ni Hiltje bi í. "Ká ní ẹ ń kọ ọ́ sí ará ibí, kó lè yé e dáadáa?"

Lutgart gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, 'ge' ni mo máa ń pe èèyàn, bí ìyá mi ṣe ń pè é. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì sọ ọ́ nù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí 'je' bíi tiyín. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, ojú ara mi tì mí. Mo ní èyí tó kù, n kò ní sọ ọ́ nù fún ẹnikẹ́ni mọ́. Tíṣà Wagenaar bá mi wí, ó bá mi wí, ó ní 'hoeft' ni, 'hoeft' ni. Mo ní rárá. Bí àwọn bàbá mi ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Àṣìṣe kọ́."

Ó gbé àgbọ̀n sókè nígbà tó sọ èyí tó kẹ́yìn. Hiltje rí i pé obìnrin yìí lè lọ sẹ́wọ̀n kó tó yí ọ̀rọ̀ kan padà lẹ́nu rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i gidigidi.

Ó bi í léèrè ohun kan sí i: ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Lutgart ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, òun ká àwọn pákó ìsàlẹ̀, òun sì rí àmì tí ẹni tó kan ọkọ̀ gbẹ́ sára igi ìdí rẹ̀. Kì í ṣe àmì ìdílé Wagenaar. Àmì àwọn akànkọ̀ Rupelmonde ni, ìlú tí wọ́n ti bí òun, létí odò Schelde. Òun sọ fún Tíṣà nìkan, nítorí pé ọ̀rọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ni, ó tọ́ kó kọ́kọ́ gbọ́. Tíṣà ní kó dákẹ́ títí di ọjọ́ Ajé, kí wọ́n lè fi han gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀.

"Kò sì wá sọ́kàn yín láti sọ èyí fún wa?"

"Kí n wá máa fi ọ̀rọ̀ ìdílé arúgbó bo ara mi? N kò ṣe ohun tí wọ́n ní mo ṣe. Mo rò pé ìyẹn ti tó."

Hiltje rán Kooiman lọ sí àhéré Sijmen. Agolo tábà kan ló gbé dé. Gbogbo ìwé kékeré tí Lutgart ti kọ sí olùṣọ́ náà láti oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, mọ́kàndínlógún, arúgbó náà kò ju ọ̀kan nù. Kò di dandan kí ẹ rọ epo sí àtùpà. Kò di dandan kí ẹ dúró dè mí. Nínú gbogbo wọn, "moet niet" ló kọ. "Hoeft" kò sí nínú ẹyọ kan.

Ọ̀gá Vlasblom yẹ àwọn ìwé náà wò, ó fọwọ́ ra imú. Ó ní bóyá Lutgart mọ̀ọ́mọ̀ yí ọ̀rọ̀ padà kí wọ́n má bàa mọ̀ ọ́n ni.

"Kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ L sábẹ́ rẹ̀, ọ̀gá? Ẹni tó kọ ọ́ wo àwọn ìwé Lutgart tó máa ń wà lára pátákó ìkéde ọgbà, ó sì fara wé lẹ́tà rẹ̀ kínníkínní. Ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkọ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ló ti mú gbólóhùn náà wá. Kò sì sí ẹni tí ń gbọ́ bí ẹnu ara rẹ̀ ṣe ń dún."

"Gbogbo Enkhuizen ló ń sọ 'hoeft', Hiltje. Èmi náà ń sọ ọ́. O ti dá obìnrin yẹn sílẹ̀, o kò tíì mú ẹnikẹ́ni."

Òótọ́ ni. Hiltje mọ ẹni tó ń wá, ẹ̀rí ni kò ní. Ó ní kí ọ̀gá fún òun ní ọ̀sán kan sí i.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ará ọgbà àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ pé sínú ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà. Wọ́n mú Lutgart wá, ó jókòó sí iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ. Tíṣà Wagenaar jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní ìrọ̀rí. Hiltje dúró láàárín wọn pẹ̀lú ìwé kékeré náà ní kíká lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ pé wọ́n wá. Ó ní òun fẹ́ ka ìwé tí wọ́n fi lé Sijmen lọ, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì rí i àyàfi ọlọ́pàá, nọ́ọ̀sì kan, àti Sijmen tí kò tíì lè sọ̀rọ̀.

"Ìwé burúkú gbáà ni," ló wí. "Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní kọ irú èdè yìí. Ẹ gbọ́: 'Sijmen, je moet zondag niet komen.'"

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Teunis mi orí, ó ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Lutgart wo Hiltje bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà.

"Mo fi han ẹnìkan tó mọ̀wé," ni Hiltje ń bá a lọ, "ó ní ẹni tó kọ èyí kò kàwé rárá. Ó ní ojú ti òun láti kà á. Ó ní ẹni náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín..."

"Irọ́ ni," ni Tíṣà Wagenaar wí.

Gbogbo ojú yí sí i. Ó ti dìde, ìka rẹ̀ wà lókè bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì.

"Ẹ kò kà á dáadáa, mevrouw. 'Hoeft' ló wà níbẹ̀. 'Je hoeft zondag niet te komen.' Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀."

Hiltje tú ìwé náà, ó gbé e fún Ọ̀gá Vlasblom. Ọ̀gá kà á sókè bó ṣe wà gan-an, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí Tíṣà ṣe sọ ọ́. Ìka arúgbó náà ṣì wà lókè. Díẹ̀díẹ̀ ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì jókòó.

"Ta ló fi hàn yín, Tíṣà?" ni Hiltje bi í, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

Kò jiyàn pẹ́. Ó ní àádọ́ta ọdún lòun ti ń sọ fún ọmọ ìlú yìí pé bàbá àgbà òun ló kan ọkọ̀ yẹn. Bí àmì yẹn bá jóná, kò sí ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn gbọ́. Òun mú kẹrosíìnì lọ nígbà tí ìyàwó òun wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun kọ ìwé sí Sijmen kó má bàa fara pa.

"Mi ò fẹ́ kó fara pa," ló tún wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Kooiman ló mú un jáde, ó sì rọra dì í lápá mú.

Hiltje wá ṣàlàyé fún àwọn tó kù ohun tí 'moet niet' túmọ̀ sí lẹ́nu Lutgart. Ọ̀gá Vlasblom bọ́ sí iwájú obìnrin náà. Ó tọrọ àforíjì lójú gbogbo ènìyàn, kò sì fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Teunis wá, ó ń fọwọ́ yí fìlà rẹ̀ po. Ó bi í léèrè bóyá pákó ọjọ́sí yẹn, ìrànlọ́wọ́ òun ni kò fẹ́ àbí ńṣe ni kò fẹ́ kó ni òun lára. Lutgart ní ẹ̀yìn Teunis lòun rò, nítorí pé lọ́jọ́ tó ṣáájú ló ti ń kérora ẹ̀yìn. Teunis jáde, ó sì pa dà wá pẹ̀lú ẹja yíyan méjì tó fi ìwé ìròyìn wé.

Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Omi tó máa ń dúró ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò jẹ́ kí iná dé igi ìdí. Lutgart fi aṣọ nu èédú kúrò, àmì Rupelmonde sì hàn kedere fún gbogbo wọn. Olórí ẹgbẹ́ bi í pé lẹ́yìn ohun tójú rẹ̀ rí, ṣé kì í ṣe ilé ni yóò fẹ́ máa lọ. Ó ní oṣù Kẹrin ni ọkọ̀ yìí yóò jáde sójú omi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́, ó yan Teunis sí ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù Kẹrin náà ni. Gbogbo Enkhuizen dúró létí èbúté. Sijmen, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti jinná bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì lè ká wọn pọ̀ tán, jókòó nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú jígí ojú rẹ̀. Lutgart wà nídìí ìtọ́kọ̀. Nígbà tí atẹ́gùn mú ìgbòkun ńlá aláwọ̀ pupa náà, tí De Jonge Trijntje sì yí imú sí ojú omi gbalasa, ariwo ayọ̀ sọ.

Hiltje wà láàárín èrò. Ẹnìkan dúró tì í, arúgbó tó gùn, tó wọ kóòtù àtijọ́, tó ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìdájí wá láti Rupelmonde. Ọwọ́ rẹ̀ le koko bí ọwọ́ ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbẹ́ igi. Kò pariwo bíi tàwọn yòókù. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé àyà, ó sì tẹjú mọ́ obìnrin tó wà nídìí ìtọ́kọ̀ títí ọkọ̀ fi kọjá ẹnu èbúté.

Ó wá yíjú sí Hiltje, tí kò mọ̀ rí.

"Ọmọ mi ni," ló wí.